Ta Ni Caroline Quiner Kí Ó Tó Di Ìyáàfin Ingalls, Ṣé Ó sì Ní Àrọ́mọdọ́mọ Lónìí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Olùkọ́ ni mí ní iléẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òṣogbo. Ọmọ mi obìnrin tí ó wà ní Texas fi àwọn ìwé ìtàn tí Laura Ingalls Wilder kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo sì ń ka díẹ̀díẹ̀ nínú wọn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Caroline, ìyá inú ìtàn náà, ni ó wù mí jù, ṣùgbọ́n ìwé kò sọ púpọ̀ nípa ilé tí ó ti jáde wá. Ta ni àwọn òbí rẹ̀? Ṣé bí ìwé ti to ọ̀rọ̀ ni ó ṣe ṣẹlẹ̀ lóòótọ́? Mo tún rí ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ-ọmọ-ọmọ Caroline. Ṣé ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ìyá wa. Ìbéèrè tí ó gbẹ̀yìn nínú lẹ́tà yín ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí pé òun ni ó yanjú jù lọ. Ẹni tí ó bá ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ-ọmọ-ọmọ Caroline Ingalls ń ṣi ìran mú ni, bí kò bá ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń purọ́. Ìran tí ó ti ara obìnrin yìí jáde ti parí láti ọdún 1968. Ẹbí rẹ̀ ṣì wà láyé, ṣùgbọ́n ara àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n ti jáde, kì í ṣe ara tirẹ̀.

Ọmọ márùn-ún ni Caroline bí fún Charles Ingalls ọkọ rẹ̀. Mary Amelia ni àkọ́bí. Ọjọ́ 10 oṣù Kìíní 1865 ni wọ́n bí i, ọjọ́ kan náà tí wọ́n bí bàbá rẹ̀. Laura Elizabeth tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì 1867. Caroline Celestia, tí gbogbo ilé ń pè ní Carrie, dé ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ 1870. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n ní, Charles Frederick, ni wọ́n bí ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 1875, kò sì pé ọmọ ọdún kan tí ó fi kú ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1876. Grace Pearl ni àbígbẹ̀yìn, ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún 1877. Mary kò lọ́kọ títí ó fi kú ní 1928. Grace fẹ́ Nathan Dow ní 1901, wọn kò sì bímọ. Carrie ti lé ní ẹni ogójì ọdún kí ó tó fẹ́ David Swanzey ní 1912, ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó bá ọmọ méjì nílé, ó sì tọ́ wọn, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò bí. Laura nìkan ni ó bí ọmọ tí ó dàgbà, ìyẹn Rose, tí wọ́n bí ní oṣù Kejìlá 1886. Ọmọkùnrin tí Laura bí tẹ̀ lé e ní 1889 kú ní ìkókó, wọ́n sì sin ín sí De Smet ní South Dakota; òkúta orí ibojì rẹ̀ kò dárúkọ kankan fún un, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò ju pé ọmọkùnrin A. J. Wilder, ọkọ Laura, ni. Rose náà bí ọmọkùnrin kan tí kò yè, kò tún bí òmíràn mọ́, ó sì kú ní oṣù Kẹwàá 1968. Ibẹ̀ ni ó parí sí.

Kò yẹ kí ó yà yín lẹ́nu pé àwọn ènìyàn ń gbé ìran fún Caroline tí kò bí. Ẹni tí ó bá ti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Swanzey wá lè pe Caroline ní ìyá ńlá, ní àṣà tiwa kò sì sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi, nítorí ọmọ tí ìyàwó bá nílé ọkọ, ọmọ rẹ̀ ni; síbẹ̀ kì í ṣe ìran ẹ̀jẹ̀. Rose pẹ̀lú, nígbà tí ó dàgbà tán tí kò lọ́mọ, mú àwọn ọ̀dọ́ kan mọ́ra bí ọmọ. Roger MacBride, agbẹjọ́rò tí ó di ajogún rẹ̀, tí ó sì díje fún ipò Ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1976 lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Libertarian, ni wọ́n sábà máa ń pè ní ọmọ-ọmọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kan kò pa wọ́n pọ̀. Èyí tí ó burú jù ni ti eré orí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1974: àwọn tí ó ṣe é fún ìdílé náà ní ọmọkùnrin kan tí wọ́n gbà tọ́, tí ń jẹ́ Albert. Albert kò sí níbì kankan rí, àfi nínú eré. Bí ẹni tí ẹ rí náà bá dárúkọ Martha, Henry, Eliza tàbí Thomas Quiner gẹ́gẹ́ bí òbí àgbà rẹ̀, ẹ lè fara balẹ̀ gbọ́ tirẹ̀, nítorí ọmọ ìyá Caroline ni wọ́n. Bí Rose ni ó bá dárúkọ, ẹ béèrè orúkọ ọmọ tí Rose bí.

Quiner tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ yìí ni orúkọ ilé bàbá Caroline, òun sì ni kí ẹ dì mú bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀. Ará Connecticut ni Henry Newton Quiner bàbá rẹ̀. Ọmọ Massachusetts ni Charlotte Wallis Tucker ìyá rẹ̀. Wọ́n fẹ́ ara wọn ní 1831, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kiri díẹ̀díẹ̀ sí ìhà ìwọ̀ oòrùn, wọ́n gba Ohio, wọ́n gba Indiana, títí wọ́n fi dó sí itòsí Milwaukee ní Wisconsin, tí kò tíì di ìpínlẹ̀ nígbà náà. Ọdún 1848 ni ó tó dà bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀, ní Brookfield, ni wọ́n ti bí Caroline ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1839, ìkarùn-ún nínú ọmọ méje. Nítorí náà, kì í ṣe Charles ni ó kọ́ ọ ní ìgbé ayé aginjù. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ọkọ̀ ojú omi tí bàbá rẹ̀ bá lọ rì ní Adágún Michigan ní 1845. Charlotte di opó pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké nínú igbó tí wọn kò tíì ṣán tán. Ní 1849 ó fẹ́ àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Frederick Holbrook, wọ́n sì ń gbé ní Concord, níbi tí ó ti bí ọmọbìnrin kan sí i, tí òun náà ń jẹ́ Charlotte, tí í ṣe iyèkan Caroline. Bí ẹ bá ń béèrè irú ènìyàn tí ọkọ ìyá yìí jẹ́ sí Caroline, ẹ wo orúkọ ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ó bí: Charles ni ti ọkọ rẹ̀, Frederick sì bá ti Holbrook mu. Àwọn ará ibẹ̀ kì í ki oríkì, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n ń tún jẹ nínú ìdílé máa ń fọhùn. Orúkọ ìyá Charles ni Laura ń jẹ́, orúkọ Caroline fúnra rẹ̀ ni Carrie ń jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Caroline nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, iṣẹ́ tí ẹ̀yin náà ń ṣe, ó sì hàn nínú gbogbo ohun tí ọmọ rẹ̀ kọ nípa rẹ̀ pé iṣẹ́ náà kò kúrò lára rẹ̀ títí ayé.

Agbègbè Concord yìí ni ìdílé Ingalls náà ń gbé. New York ni wọ́n ti ṣí wá. Ìlú tí wọ́n bí Charles sí níbẹ̀ ní 1836 ń jẹ́ Cuba, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé erékùṣù tí àwọn ènìyàn tiwa wà ni. Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ó máa ń da orí àwọn tí ń to ìtàn ìran rú. Ọmọ Quiner mẹ́ta ni ó fẹ́ ọmọ Ingalls mẹ́ta: Henry Quiner fẹ́ Polly Ingalls, Caroline fẹ́ Charles ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì 1860, Eliza sì fẹ́ Peter tí í ṣe ẹ̀gbọ́n Charles. Nítorí èyí, àwọn ọmọ Henry, ti Caroline àti ti Eliza jọ ní òbí àgbà kan náà ní ìhà bàbá àti ní ìhà ìyá. Ẹni tí ó bá rí Ingalls kan àti Quiner kan nínú ìwé tí ó sì sáré so wọ́n mọ́ Charles àti Caroline yóò ṣìnà, nítorí tọkọtaya mẹ́ta ni ó bá àpèjúwe náà mu. Mo ti rí i lójú mi tí wọ́n ń gbé ọmọ Peter fún Charles. Joseph Quiner, ẹ̀gbọ́n Caroline àgbà, kò pẹ́ láyé. Ọgbẹ́ tí ó gbà ní ìjà Shiloh, nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹrin 1862 ni ó pa á.

Ìṣòro ńlá tí ó wà nínú wíwá ìtàn obìnrin bí i Caroline ni pé ìwé ìjọba ìgbà náà kò kọ ọ́ sí fún ara rẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 1840 kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ti olórí ilé. Ọmọ-ọwọ́ bí i Caroline kò ju oókan lọ lábẹ́ ìlà àwọn obìnrin tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Láti 1850 ni wọ́n tó ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tí kì í ṣe ẹrú, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti di Ìyáàfin Holbrook nígbà náà, ẹni tí kò bá sì mọ̀ pé Charlotte ti lọ́kọ mìíràn yóò máa wá opó Quiner kan tí kò sí mọ́. Títí dé 1870, wọn kì í sọ bí ará ilé kan ṣe jẹ́ sí èkejì. Ìkànìyàn 1880 ni wọ́n tó fi í kún un. Ti 1890 jóná pẹ̀lú púpọ̀ nínú ìwé rẹ̀ ní Washington ní 1921. Bí ìjọba bá sì ń pín ilẹ̀, obìnrin tí ó ní ọkọ kò lè gba á ní orúkọ ara rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé opó àti obìnrin tí kò tíì lọ́kọ lè gbà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tí ó ń kọ̀wé sí mi pé kí wọ́n wá obìnrin lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó wá a lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ìwé ọkọ yóò sọ ibi tí wọ́n gbé. Ìwé ọmọ ìyá ni yóò sọ ẹni tí ó jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ọ̀rọ̀ Kansas, nítorí ibẹ̀ ni ìwé ìtàn àti àkọsílẹ̀ ti yapa jù. Nínú ìtàn tí Laura kọ fún àwọn ọmọdé, igbó Wisconsin ni ó kọ́kọ́ wá, Carrie sì ti wà níbẹ̀ ní ọmọ-ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó di ẹrù sínú kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà, tí wọ́n fi aṣọ bò, wọ́n sì kọjá lọ sí pápá gbalasa. Bíbélì ìdílé náà, níbi tí wọ́n ti kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, sọ pé Kansas ni wọ́n ti bí Carrie. Ìkànìyàn oṣù Kẹjọ 1870 gbè é lẹ́yìn: ẹ ó rí Charles, Caroline, Mary, Laura àti ọmọ tuntun kan ní Rutland Township, ní agbègbè Montgomery. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Laura nígbà náà. Ohun tí ó kọ nípa ibẹ̀, ẹnu àwọn òbí rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ, òun náà kò sì mọ ibi tí ilé náà wà gan-an. Ìwé rẹ̀ fi í sí 40 máìlì sí ìlú Independence. Ìkànìyàn àti ìwé ilẹ̀ ni àwọn olùwádìí fi rí i pé kò ju nǹkan bí 13 máìlì lọ. Ní 1871 ni wọ́n padà sí Wisconsin, nítorí ẹni tí ó ra oko wọn níbẹ̀ kò lè san owó rẹ̀ tán. Nítorí náà Wisconsin ni ó wá ṣáájú, ó sì tún wá lẹ́yìn, Kansas sì wà láàárín.

Ojú ìwé ìkànìyàn yẹn ní ohun mìíràn tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Ibi tí ó yẹ kí wọ́n kọ iye owó ilẹ̀ sí ṣófo, nítorí ilẹ̀ náà kì í ṣe ti ìdílé Ingalls tàbí ti àwọn aládùúgbò wọn. Ilẹ̀ àwọn Osage, ẹ̀yà kan nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni, tí àdéhùn fi lé wọn lọ́wọ́, àwọn àtìpó kàn ya wọ̀ ọ́ ni, wọ́n ń retí pé ìjọba yóò lé onílẹ̀ kúrò fún wọn. Ìjọba sì ṣe bẹ́ẹ̀: òfin tí wọ́n ṣe ní oṣù Keje 1870 tú ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún títà ní dọ́là kan àti sẹ́ńtì 25 lórí éékà kan, àwọn Osage sì ṣí lọ sí ibi tí a ń pè ní Oklahoma lónìí. Mo rọ̀ yín kí ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ náà gbangba. Ìfẹ́ tí a ní sí Caroline kò pa á rẹ́. Nínú àkọsílẹ̀ kan náà ni orúkọ George Tann wà, dókítà aláwọ̀ dúdú tí ó ń gbé nítòsí wọn. Òun ni ó tọ́jú gbogbo ilé nígbà tí ibà dá wọn dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ibà tí àwa náà mọ̀ dáadáa, tí ẹ̀fọn ń kó bá ni. Wọn kò tíì mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀fọn ni. Ènìyàn gidi ni, Independence ni wọ́n sin ín sí.

Ohun tí ìwé fi pamọ́ pátápátá ni ikú Freddie, ìyẹn Charles Frederick. Ní 1874 ìdílé náà ti ṣí lọ sí Walnut Grove ní Minnesota, eéṣú sì jẹ oko wọn run. Nígbà tí kò sí ọ̀nà mọ́, wọ́n kó ẹrù, wọ́n dúró lọ́dọ̀ Peter àti Eliza ní ìlà oòrùn Minnesota, ibẹ̀ ni ọmọ náà sì kú sí, lójú àwọn ìbátan tí wọ́n jẹ́ ẹbí lọ́nà méjì. Wọ́n tẹ̀ síwájú lọ sí Burr Oak ní Iowa, níbi tí wọ́n ti bá wọn ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan, tí wọ́n sì bí Grace. Laura fo gbogbo àkókò yìí nínú ìwé àwọn ọmọdé, èmi kò sì bá a wí, nítorí ìyá rẹ̀ ni ó sin ọmọ náà. Ṣùgbọ́n kíyè sí i pé ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ náà kò lè ràn yín lọ́wọ́ níhìn-ín: wọ́n bí i lẹ́yìn ti 1870, ó kú ṣáájú ti 1880. Ìkànìyàn 1900 ni ó kọ́kọ́ ṣeé lò fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìdílé, nítorí wọ́n bi àwọn ìyá léèrè iye ọmọ tí wọ́n bí àti iye tí ó wà láàyè. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibojì.

Ìwé kan ṣì wà tí mo fẹ́ràn ju ìkànìyàn lọ. Òfin tí Ààrẹ Lincoln fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún 1862 fún olórí ilé ní 160 éékà ilẹ̀, bí ó bá lè gbé orí rẹ̀ kí ó sì dáko síbẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Charles forúkọ sílẹ̀ fún tirẹ̀ nítòsí De Smet ní 1880, ó sì mú ẹ̀rí wá ní 1886. Kí ìjọba tó fún ènìyàn ní ìwé ilẹ̀, òun àti àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè lórí fọ́ọ̀mù: ta ni ó ń bá ọ gbé? Báwo ni ilé náà ti tóbi tó? Éékà mélòó ni o ti ro? Ǹjẹ́ o kúrò lórí ilẹ̀ náà rí, fún ìdí wo? Ìwé wọ̀nyí wà ní ilé ìpamọ́ àkọsílẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ní Washington, ẹnikẹ́ni sì lè béèrè fún ẹ̀dà. Orúkọ ọkọ ni ó wà lókè, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ń wọn gígùn àti ìbú rẹ̀ níbẹ̀, ọwọ́ obìnrin ni ó gbé e ró ní gbogbo ọjọ́ tí ọkọ bá lọ ṣiṣẹ́ owó ní ìta.

De Smet ni Caroline dúró sí títí. Ó ti sọ fún Charles pé kò sí ìṣíkiri mọ́, ó sì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí ó dá ìjọ Congregational sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1880. Mary ti fọ́jú láti 1879. Ìwé sọ pé ibà tí ń yọ pupa sí ara ni ó fà á, ṣùgbọ́n àwọn dókítà tí ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní 2013 gbà pé kòkòrò àrùn tí ó wọ ọpọlọ ni ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́. Ó lọ sí iléẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ní Vinton, ní Iowa, láti 1881 títí di 1889, ó sì padà wá bá ìyá rẹ̀ gbé. Charles kú ní 1902. Caroline àti Mary jọ gbé ilé náà lẹ́yìn rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, títí Caroline fi kú ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin 1924, ní ẹni ọdún 84.

Ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Laura kọ̀wé sí Martha Carpenter, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tí ó ṣì wà láyé. Ohun tí ẹ̀yin béèrè lọ́wọ́ mi ni òun náà béèrè: báwo ni ìgbà èwe yín ti rí, kí ni ẹ ń jẹ, báwo ni ẹ ṣe ń ṣeré, kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní Wisconsin kí ìyá mi tó lọ́kọ? Ìyá àgbàlagbà náà dáhùn pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, nípa iléẹ̀kọ́, iṣẹ́ oko àti ìgbà ọ̀wọ́n. Láti ọ̀dọ̀ Martha ni ohun tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a mọ̀ nípa Caroline ọmọ Quiner ti wá. Ó kú ní 1927, lẹ́yìn tí ó ti kọ ọ́ tán.